Ilẹ̀ Apá Tí Wọ́n Fi Òrí Pa

Igi ìpín kan wà lẹ́yìn ilé mi títí di òní. Èmi kọ́ ni mo gbìn ín. Ẹyẹ ló gbé e wá, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e. Àwọn ọmọ ọmọ mi máa ń bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi igi tí ewé rẹ̀ ń ha ènìyàn lára ṣe. N ó já ewé kan, n ó fi ra èékánná wọn, èékánná náà á sì máa dán bí ẹni pé wọ́n fi epo kùn ún. Ẹnu á yà wọ́n. Wọn ò mọ̀ pé ìgbà kan wà tí mò ń já ewé yìí kún agbọ̀n, tí n ó gbé e lọ sí ilé onílé, tí n ó kúnlẹ̀ lórí pákó, tí n ó sì máa fi ra ilẹ̀ títí ọwọ́ mi á fi wú.

Ní Ṣakí ni, láyé ìgbà tí owó epo rọ̀bì sọ gbogbo ènìyàn di olólùfẹ́ sìmẹ́ńtì. Mo ti kúrò ní yunifásítì, mo ti padà wá sílé, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ jọ́gíráfì ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ìyàwó mi ní tirẹ̀ ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé àlejò kan tí àwọn òyìnbó tó ń lọ sí ẹnubodè máa ń sùn sí. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ìtọ́jú ilé. Nígbà tí wọ́n ti ilé àlejò náà pa, kò káwọ́ gbera. Ó ń bá àwọn ènìyàn fọ ilé: ilé tí wọ́n fẹ́ gbé ìyàwó wọ̀, ilé tí ará Èkó ń bọ̀ wá ṣọdún nínú rẹ̀, ilé tí wọ́n ti tì pa láti ìgbà tí olówó rẹ̀ ti kú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ pákó ló mọ̀ jù. Àwọn pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ṣì pọ̀ nílùú nígbà náà, àwọn tó jẹ́ pé amọ̀ ni ògiri wọn, tí pákó sì jẹ́ ilẹ̀ òkè wọn. Bí ẹsẹ̀ bá ti jẹ pákó náà títí tó fi di aláwọ̀ eérú, ìyàwó mi ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí kó wá dá dídán rẹ̀ padà. Tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti gba ìsinmi, èmi náà á bọ́ ṣòkòtò tíṣà sílẹ̀, n ó wọ ti oko, n ó tẹ̀ lé e.

Àwọn ará àdúgbò ò jẹ́ kí n gbádùn. Wọ́n sọ wá ní Adánlẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ta ayò ní abẹ́ igi ò sì fi mọ bẹ́ẹ̀, wọ́n yí i padà di Àdán. Bí mo bá ń kọjá tèmi ti garawa àti àkísà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀.

"Àdán ń lọ o! Ọ̀sán gangan rèé o, àdán, ṣé ọ̀nà ò ṣì ọ́?"

"Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Ó ti ka gbogbo ìwé tó wà ní yunifásítì tán, ilẹ̀ ló kù tó ń lọ kà."

Èmi náà á dá wọn lóhùn pé, "Ẹ ṣáà máa jẹ́ kí pákó yín máa ha ìyàwó yín lẹ́sẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá ránṣẹ́ pè mí, ẹ ó bá mi níbi tí mo so rọ̀ sí lórí igi."

Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú. A ó kọ́kọ́ fi ọṣẹ dúdú àti omi díẹ̀ fọ pákó, omi díẹ̀ ni o, nítorí pákó tó bá mumi yó á wú, á sì ká. Tó bá gbẹ, a ó fi àfọ́kù ìgò ha ibi tó bá ti rí ṣákaṣàka, a ó fi ewé ìpín ra á títí ara rẹ̀ á fi jọ̀lọ̀. Lẹ́yìn náà ló kan ìda oyin. Ìyàwó mi á yọ́ ìda náà lórí ẹyin iná ní ẹ̀yìnkùlé, á gbé e jìnnà sí iná, á po kẹrosíìnì díẹ̀ mọ́ ọn, a ó sì fi àkísà pa á mọ́ pákó. Tó bá ti mu ún, ìgbà náà ni eré dé. A ní bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan. A ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹnìkan á jókòó lé e, ẹnìkejì á máa wọ́ ọ káàkiri yàrá, kí ìwúwo ẹni tó jókòó lè mú ilẹ̀ dán. Èmi ni mo máa ń wọ́ ọ. Ìyàwó mi á na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú bí olorì, á máa pàṣẹ pé, "Ẹ yà sápá òsì, Bàbá Ìbejì. Igun yẹn, ẹ ò tíì débẹ̀. Àbí ẹ ò jẹun ni?"

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, Iléyá bọ́ sí àárín ọyẹ́. Ọyẹ́ tiwa kì í ṣe ọyẹ́ àwọn ará ìsàlẹ̀ lápá etí òkun tó kàn ń fẹ́ wọn ní afẹ́fẹ́ tútù. Ètè á bẹ́, gìgísẹ̀ á là, ara ọmọdé á funfun bí ẹni tó yí nínú ìyẹ̀fun. Kò sí ilé tí wọn kì í gbé igbá òrí sí ẹnu ọ̀nà, tí ẹni tó bá ń jáde á fọwọ́ bù, á fi pa ara kí atẹ́gùn tó bá a.

Àsìkò yẹn ni ìyá àgbàlagbà kan ránṣẹ́ pè wá. Opó oníṣòwò aṣọ kan ni, ọkùnrin tó ń ná ọjà Ìjìó nígbà ayé rẹ̀. Ilé wọn wà lẹ́bàá ọjà, òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì sì ni ìyá náà ń gbé. Pákó apá ni ilẹ̀ ibẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló ra àwọn igi apá náà lórí ìdúró ní ọ̀nà Kòmu, inú igbó níbẹ̀ ni àwọn agbẹ́gilódò ti fi ayùn là wọ́n kí wọ́n tó fi ọkọ̀ gbé wọn wálé. Apá kì í ṣe igi tí ikán ń fi ṣeré. Síbẹ̀, nígbà tí a gòkè débẹ̀, pákó náà ti ṣá, ó ti ya wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ̀gún igi sì yọ lára rẹ̀ níbi púpọ̀.

Ní iwájú ilé, a ti kọ́kọ́ rí òkìtì yanrìn àti àpò sìmẹ́ńtì tí wọ́n tò jọ. Bíríkìlà kan jókòó lé àwọn àpò náà, ó ń jẹ obì. A ò bi í ní nǹkan kan. Ìyá ló sọ gbogbo rẹ̀ fún wa.

"Àkọ́bí mi ló gbé wọn wá. Ó ní pákó yìí ti di ìtìjú. Àlejò rẹ̀ kan wá lọ́dún tó kọjá, pákó fa agbádá rẹ̀ ya. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ ọ́. Ó ní lẹ́yìn Iléyá wọ́n á tú gbogbo rẹ̀, wọ́n á da dẹ́kìn."

"Kí lẹ wá wí, Ìyá?" ni ìyàwó mi bi í.

"Mo ní kó fi sílẹ̀. Ó ní ẹ̀kọ́ wo ni mò ń fi ilẹ̀ gbígbó kọ́ àwọn èèyàn. Mo sunkún díẹ̀. Ìgbà náà ló wá ní, ó dáa, tí òun bá dé fún Iléyá tí òun bá a tó ń dán, òun á fi sílẹ̀. Tí kò bá dán, kí n má bá bíríkìlà jà."

Ó na ọwọ́ sí ibì kan lẹ́bàá ògiri, níbi tí pákó ti tẹ̀ díẹ̀ bí ibi tí ènìyàn ń jókòó sí nígbà gbogbo.

"Tíṣà, ibẹ̀ yẹn ni bàbá wọn máa ń jókòó sí ka aṣọ. Tí wọ́n bá da sìmẹ́ńtì lé e, ibo ni n ó máa wò tí n bá fẹ́ rí i?"

Ìyàwó mi wo ibẹ̀. Ó tú ìró rẹ̀, ó sán an le, ó sì ní kí n lọ pọn omi.

A ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà títí ẹ̀yìn fi ń ro wá. A fọ ilẹ̀, a ha á, a fi ìpín ra á. Ìyá jókòó sórí àpótí ní ẹnu ọ̀nà, ó ń wò wá, ó ń gbé ẹsẹ̀ bí a bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí a ṣe tán, ilẹ̀ náà jọ̀lọ̀, ṣùgbọ́n ó funfun, ó sì gbẹ. Ojú Ìyá rẹ̀wẹ̀sì.

"Ṣé bó ṣe máa rí náà nìyí?"

Mo fẹ́ fi í lọ́kàn balẹ̀. Mo ní, "Rárá o, Ìyá. Igi yìí ò bàjẹ́. Ọyẹ́ ló jẹ ẹ́. Awọ ara rẹ̀ ló gbẹ, ọ̀rá ló ń fẹ́. Tí a bá ti fi ọ̀rá pa á, ẹ ó rí i bí yóò ṣe máa dán."

"Ọ̀rá?"

"Ọ̀rá ni, Ìyá."

Ó mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yé yékéyéké.

Ìda ni mo ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ìda tó wà nílé wa ò lè tó ilẹ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ni mo ṣe wọ ọkọ̀ lọ sí Òkàkà, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó máa ń gbé ilé oyin sí orí igi nínú oko. Mi ò bá a nílé. Ó di ọjọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ tó ṣíwájú Iléyá, kó tó dé láti oko, kó fún mi ní ìda, kí n tó rí ọkọ̀ tí àgbò ò kún. Láàárín èyí, ìyàwó mi ti lọ fọ ilé mìíràn ní òdìkejì ìlú. A ti jọ ṣe àdéhùn pé a ó pàdé ní ilé Ìyá lọ́sàn-án.

A pàdé lóòótọ́, ní ẹsẹ̀ àkàsọ̀. Òórùn òrí ló kọ́kọ́ kí wa. Kì í ṣe òórùn òrí tó wà lára ènìyàn kan tàbí méjì. Òórùn náà ń ti òkè sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá pàdé wa bí onílé tó ń pàdé àlejò.

Ìyàwó mi wò mí. Mo wò ó. A sáré gòkè.

Àwọn obìnrin ilé ló wà níbẹ̀, àwọn ìyàwó tí wọ́n fẹ́ sínú agbo ilé náà. Wọ́n kúnlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ wọn ń dán dé ìgúnpá, igbá òrí òfìfo wà láàárín wọn. Ayọ̀ kún ojú wọn.

"Ẹ káàbọ̀ o, Tíṣà! Ẹ wá wo iṣẹ́! A ti bá yín parí ẹ̀!"

"Ta ló ní kí ẹ fọwọ́ kàn án?" Ohùn ìyàwó mi ti lọ sókè.

Ìyá dá a lóhùn láti orí àpótí rẹ̀, kò tilẹ̀ yíjú padà. "Ọkọ rẹ ló ní ọ̀rá ló ń fẹ́. Ọ̀rá wo ló ju òrí lọ? Nígbà tí wọ́n bí ọ, kí ni wọ́n fi pa ọ́ lára?"

"Bàbá Ìbejì," ni ìyàwó mi wí, ó rọra pè mí bí ẹni tó ń pe ọmọ tó fọ́ àwo, "ṣé ẹ gbọ́?"

Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé láti lọ wo bó ṣe jinlẹ̀ tó. Ẹsẹ̀ náà ò dúró níbi tó gbé e sí. Ó lọ, ó mú èkejì dání, ìyàwó mi sì fi ìdí jókòó gbàà, ó ń yọ̀ lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ó fi kan ibùsùn Ìyá. Àwọn obìnrin náà hó yè. Ọ̀kan nínú wọn dì mọ́ òpó kó má bàa ṣubú nítorí ẹ̀rín.

"Ẹ wò ó, ó dán! Ṣé ẹ ò rí i pé ó dán?"

Ó dán lóòótọ́. Oòrùn ọyẹ́ tó ń gba ojú fèrèsé wọlé tẹ́ lé e lórí bí omi. Pákó apá tó ti di aláwọ̀ eérú ti pọ́n, gbogbo ìlà ara rẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n òtútù ti mú òrí náà dì mọ́ ọn bí ọṣẹ. Eruku á máa lẹ̀ mọ́ ọn, èèrà á máa wá a, ẹni tó bá sì wọlé níbẹ̀ pẹ̀lú agbádá ọdún á mú àpẹẹrẹ rẹ̀ lọ sí yídì. Mo ní kí wọ́n bá mi wá lẹ́búlẹ́bú tí ayùn ń tú sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, bóyá a lè fi fa òrí náà kúrò. Ẹni tí a rán ò tíì dé ìsàlẹ̀ tí a fi gbọ́ fèrè ọkọ̀.

"Ọkọ wa ti dé!" ni àwọn obìnrin ilé kígbe, wọ́n sì sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ gbẹ́rù.

Ìyá dìde lórí àpótí. "Tíṣà, ṣé kò dáa ni?" ló bi mí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa wá sí i lọ́kàn pé ó lè má dáa. A gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ lórí àkàsọ̀, ẹsẹ̀ wúwo, pẹ̀lú ti bíríkìlà lẹ́yìn rẹ̀.

Alàájì ọmọ rẹ̀ jẹ́ ènìyàn ńlá, ó sanra, ó ga, aṣọ funfun ló wọ̀. Ó kí wa dáadáa. Ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó bọ́ bàtà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe nínú ilé náà, ó sì kù ú ku ìbọ̀sẹ̀.

"Má wọlé!" ni Ìyá kígbe.

Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ fún ọmọ tó ti ọ̀nà jíjìn dé pé kó má wọ yàrá ìyá rẹ̀? Alàájì rẹ́rìn-ín, ó sì gbé ẹsẹ̀.

Mi ò rí ohun tó rí bẹ́ẹ̀ rí títí di òní. Kò ṣubú. Ó lọ. Gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ ló yọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó gba àárín yàrá kọjá, agbádá rẹ̀ fẹ̀ sẹ́yìn bí ìyẹ́, kò sì ké. Bó ṣe súnmọ́ ojú fèrèsé, ó na ọwọ́ wá òpó tó wà níbẹ̀. Èyí ni mi ò lè gbàgbé: nísàlẹ̀ ni ọwọ́ náà ti kọ́kọ́ wá a, níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè dé. Kò bá nǹkan kan níbẹ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ kó tó gòkè, kó tó di òpó náà mú, kó sì yí po, kó dúró.

Ohùn tó wá fọhùn kì í ṣe ohùn arúgbó tó ń gbọ̀n. Ohùn ìyálé ilé ni, ohùn obìnrin tí ọmọ pọ̀ lọ́rùn rẹ̀.

"Ṣé etí rẹ di ni? Ìgbà mélòó ni n ó sọ ọ́? Mo ní kí o yéé yọ̀ lórí pákó bàbá rẹ! Ọjọ́ tí o bá gba ojú fèrèsé já sínú ọjà, má pè mí o!"

"Ẹ má bínú, Ìyá," ni Alàájì wí, kíá, bí ọmọ ilé kéú.

Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ó wo òpó tó dì mú. Ó wo ilẹ̀. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mì ín láti ikùn wá, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ìyá rẹ̀ náà sì bá a rín in. Alàájì ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, àwọn ọmọ ilé náà máa ń jí òrí ìyá wọn bù pa pákó tí bàbá wọn bá ti lọ sí Ìjìó, wọ́n á sì máa fi yọ̀. Ó ní òun ti gbàgbé pátápátá.

"Ó dán àbí kò dán?" ni Ìyá bi í.

"Ìyá, ó dán. Ó ti dán kọjá ohun tí mo bẹ̀."

Bíríkìlà, tó ti ń dúró ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú okùn ìwọnlẹ̀ lọ́wọ́, wúkọ́ díẹ̀. "Alàájì, ṣé kí n máa wọn yàrá náà?"

"Wọn kí ni?" Alàájì ti ń di ògiri mú padà bọ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó sì ń ká agbádá rẹ̀ lé èjìká. "Bọ́ bàtà ẹ."

Sìmẹ́ńtì yẹn ni wọ́n fi tún ẹnu kànga ṣe, wọ́n sì fi ìyókù rẹ́ ilẹ̀ balùwẹ̀. Lọ́jọ́ Iléyá, ẹní ni wọ́n tẹ́ bo gbogbo yàrá, àwọn àlejò sì ń rìn lórí rẹ̀ tìṣọ́ratìṣọ́ra bí ẹni tó ń kọjá lórí afárá odò. Nígbà tí ẹran ọdún tán, èmi àti ìyàwó mi padà lọ. A fi omi eérú gbígbóná fọ òrí náà kúrò, a tún fi ìpín ra á, a wá fi ìda pa ilẹ̀ náà bó ti yẹ. Mo wọ́ ìyàwó mi lórí bùláńkẹ́ẹ̀tì títí ìlà àwọn pákó náà fi ń tàn bí ara ẹṣin tí wọ́n tọ́jú dáadáa. Ibì kan ṣoṣo ló kọ̀, lẹ́bàá ojú fèrèsé, níbi tí òrí ti wọ inú igi lọ tó sì ti dúdú. Mo ti mú àfọ́kù ìgò láti ha á nígbà tí Alàájì tó wá wò wá ní, "Tíṣà, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀."

Láti ìgbà náà, ọdọọdún ni a ń lọ tún ilẹ̀ náà ṣe, títí orúnkún ìyàwó mi fi ní ó tó. Ìyá ti lọ. Àwọn pẹ́tẹ́ẹ̀sì pákó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílùú, táìsì ló kù tí gbogbo ènìyàn ń tẹ̀, ó máa ń tutù mí lẹ́sẹ̀. Nígbà tí mo lọ kí Alàájì lọ́dún Iléyá àìpẹ́ yìí, ọ̀pá lòun náà fi ń rìn. A jọ rọra gun àkàsọ̀. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó lọ síbi fèrèsé, ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹ ibi dúdú náà wò.

"Ó ṣì ń yọ̀," ló wí.

Kò yọ̀ mọ́ rárá. Ìda tèmi ló wà lórí rẹ̀, mo sì mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo na apá sí i kó dì mú.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alàájì," ni mo wí. "Ẹ rọra o."